Iná Ìtàgé Inú Ilé Rẹ àti Àbẹ́là Ìyá Ọkọ Rẹ

Ìfàkò-Ìjàyè, Lagos,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Títílọlá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Káyọ̀dé ọkọ rẹ. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe lásìkò òjò. Má tìtorí ìyẹn pè mí. Má tìtorí lẹ́tà yìí náà pè mí àfi tí o bá kà á tán, nítorí mo mọ̀ ọ́: o ó ka ìbẹ̀rẹ̀, o ó ní, "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀," o ó sì gbé fóònù.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ni pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, orí àkàbà lo máa ń wà. O ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ kan ni mo fi di nǹkan mú." Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ á fò lọ lórí mi, ọwọ́ kan yẹn ni n ó máa rò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ tí mo ní sì kọjá ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí àkàbà.

Nígbà tí o pè wá ní ọjọ́ Ẹtì, inú wa dùn. O ní ọkùnrin kan ní Ikeja tó rí iṣẹ́ rẹ nínú gbọ̀ngàn kan fẹ́ kí o ṣe ilé òun: kí o so iná ìtàgé pọ̀ mọ́ iná ilé, kí gbogbo rẹ̀ máa gbọ́ràn sí fóònù kan ṣoṣo. O ní yóò kọ́kọ́ wá wo ilé tìrẹ ní Onígbòǹgbò kó tó fún ọ níṣẹ́. Mo gbàdúrà fún ọ. Ìyá rẹ jó díẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ní kí n má sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé, "Ó tiẹ̀ bọ́ sí i, Bàbá mi. Màmá ti lọ kí àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú. Ilé dákẹ́, mo ráyè parí iṣẹ́ mi."

Mo ní, "Ó dáa." Kò dáa, Àbẹ̀kẹ́. N ò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Màmá Káyọ̀dé ò lọ kí ará ilé. Ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn wò kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú. Bí n kò bá ṣì í, o ò ní bá aṣọ kankan níbẹ̀. Wọ́n ti kó lọ pátápátá ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe nǹkan kan, wọn ò ní padà wá, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láyé. Wọn ò ní sọ fún Káyọ̀dé náà. Káyọ̀dé ni yóò máa dá rò ó fúnra rẹ̀, títí yóò fi rò ó débi tí kò dáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀.

O rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o mú èmi àti ìyá rẹ wọ pálọ̀ rẹ lẹ́yìn ìgbéyàwó. O fọwọ́ kan fóònù, àwọn iná ńláńlá tí o rà ní àlòkù, tí o gbé kọ́ sí igun àjà, tàn ní àwọ̀ bí ọsàn tó pọ́n, àwọn gílóòbù ilé sì bá wọn dín ìmọ́lẹ̀ kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ilé èèyàn. O jókòó tì mí, o ṣàlàyé pé iná ilé àti iná ìtàgé kì í sọ èdè kan náà. O ní iná ilé, wọn á sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó tàn, á tàn, ó parí. Èdè ti ìtàgé ni wọ́n ń pè ní DMX. Inú wáyà ló ń gbà kọjá láti ara iná kan dé ara èkejì, iná kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó kan òun. O ní àwọn yẹn fẹ́ kí wọ́n máa bá àwọn sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ ni.

Mo ní, "Ta wá ló lè máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́?"

O fi àpótí kékeré kan hàn mí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, o ní ògbufọ̀ ni: ó ń gbọ́ ti ilé, ó ń sọ ti ìtàgé. O wá rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin gan-an ni iná ìtàgé. Bí a ò bá pè yín láàárọ̀, ká pè yín nírọ̀lẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìrìwìrì."

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ pé bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́, o ní kí n má ṣèyọnu.

Mo ṣèyọnu. Ọjọ́ tí a sì wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, NẸ́PÀ mú iná lọ lóòótọ́, wọ́n sì dá a padà kíá. Àwọn iná ìtàgé jí ṣáájú àpótí ògbufọ̀. Nígbà tí wọn ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn: pupa, búlúù, wọ́n ń ṣẹ́ wìrìwìrì, wọ́n ń yípo lórí ògiri. Màmá Káyọ̀dé gbé ṣíbí dúró lẹ́nu. Wọ́n ní, "Káyọ̀dé, ṣé ọlọ́pàá ti wọlé ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ wọn, ó di etí àga mú gírígírí, kò sì tú u sílẹ̀ títí o fi rí fóònù rẹ.

Ìyẹn kéré. Èyí tó ṣe kókó nìyí.

Ní Ọjọ́rú kan tí òjò ṣú, ìyá rẹ ní kí n gbé ẹja yíyan wá fún ọ. Mo wọ ọkọ̀ dé Onígbòǹgbò. Ìwọ àti Káyọ̀dé ti lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ò tì, ṣùgbọ́n pálọ̀ ṣókùnkùn, àbẹ́là sì ń jó nínú yàrá Màmá. O mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwọn, ṣùgbọ́n mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú àdúrà o. N ò ní pẹ́. Ẹja ni Ìyá Títí ní kí n gbé wá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀ kí n máa lọ."

"Àdúrà wo, àna mi?"

"Mo rí àbẹ́là ni."

Wọ́n wo àbẹ́là náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ wọ bàtà yín. N ò gbàdúrà. Abẹ́rẹ́ ni mo ń wá."

Mo wọ bàtà mi padà. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà rò pé àdúrà ni. Bí ìyàwó mi ṣe ń rò ó náà nìyẹn. Bó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là lábẹ́ ilẹ̀kùn mi, á máa yọ́ rìn, á pa tẹlifíṣọ̀n, á ní kí Káyọ̀dé má pariwo. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ti sọ mí di wòlíì. Bí mo ṣe ń gbàdúrà nínú ilé yìí, ó yẹ kí n ti máa rìn lórí omi báyìí."

Mo ní, "Ẹ ṣe wá ò tan iná?"

Wọ́n mú fóònù kékeré tí o fún wọn láti máa fi tan iná jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tí o ya àwòrán gílóòbù sí. Wọ́n na àtàǹpàkò wọn sí mi. O mọ̀ pé gàrí ni wọ́n fi ọwọ́ yẹn yan láti kékeré títí wọ́n fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Awọ ibẹ̀ ti le bí awọ bàtà. Wọ́n ní, "Ìka mi ti gbẹ, àna mi, fóònù ò gbọ́ tèmi. N ó tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. N ó tún tẹ̀ ẹ́, pálọ̀ á pọ́n bí ojú iná ààrò. Mo tẹ ibòmíràn lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé ṣókùnkùn, Káyọ̀dé sì wà nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó ń ké pe Títí, Títí."

Mo ní, "Ẹ pe Títí náà."

"Mo ti pè é títí. Á sáré wá, á tàn án, á ní, 'Màmá, kò tọ́pẹ́.' Kì í bínú. Ó sàn kó bínú. Kí n máa ké pe ìyàwó ilé kó wá tan iná fún mi kí n tó lè tọ̀, nínú ilé ọmọ tí mo bí. Ẹ jẹ́ kí n máa tan àbẹ́là mi."

Mo wá bi wọ́n pé abẹ́rẹ́ kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n fa kọ́tìnì ojú fèrèsé jáde, wọ́n fi etí rẹ̀ hàn mí. Iná àbẹ́là ti jó o, Títílọlá. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n fẹ́ ṣẹ́ ẹ sínú kí wọ́n rán an kí o tó dé. Wọ́n ní iná náà ò pẹ́ rárá kí wọ́n tó fi omi mímu wọn pa á. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, pé yóò dùn ọ́.

Mo bá wọn fi òwú sí abẹ́rẹ́ náà, nítorí ojú wọn ò ríran tó. Mo gbà pé mi ò ní sọ. Mo délé, mi ò sọ fún ìyá rẹ pàápàá. Nígbà tó yá wọ́n pè mí láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní, "Àna mi, mo ti délé. Súìṣì mi wà níbi tí mo fi í sí." Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó mi."

Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Èmi ni kí wọ́n bínú sí.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mi ò mọ iṣẹ́ rẹ, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ ti ṣàlàyé fún mi ni n ó dá padà fún ọ.

Ìkíní, súìṣì ara ògiri. Nígbà tí o yọ gbogbo wọn tí o fi ike funfun bo ojú ibẹ̀, o sọ ìdí rẹ̀ fún mi: pé bí ẹnikẹ́ni bá pa á lára ògiri, gílóòbù á kú, fóònù ò sì ní rí i mọ́. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n o tún sọ pé súìṣì kan wà tí kì í gé iná, pé ńṣe ló máa ń ránṣẹ́ sí ilé pé ẹnì kan tẹ òun, àti pé o ò rà á nítorí pé ó tóbi, kò sì bá ògiri rẹ mu. Rà á. Jẹ́ kó tóbi. Ilé iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi sìn ní Ikeja lọ́hùn-ún gbé ẹ̀rọ ìdìpọ̀ tuntun wọlé nígbà kan. Ẹ̀rọ náà dára, ó ń yára, ṣùgbọ́n inú yàrá onígíláàsì ni wọ́n fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá a dúró sí, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Lọ́jọ́ tó fa apá aṣọ ẹnìkan mọ́ra, gbogbo wa sáré lọ sí yàrá onígíláàsì, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan níbi tí ẹni náà wà. Ọlọ́run bá a ṣe é, aṣọ ló ya. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ohun tí ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ò lè dá dúró láti ọjọ́ náà.

Ìkejì, nígbà tí iná bá dé padà. O ní ẹ̀yìn iná ìtàgé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yan ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ ohùn: kó dúró níbi tó wà, kó kú, tàbí kó máa ṣeré tirẹ̀. O ní o ti gbé wọn kọ́ kí o tó rántí. Jọ̀wọ́, gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Yan kó kú. Gbé àpótí ògbufọ̀ náà sórí ìnfátà tó ń fi iná pamọ́, kó má máa sùn rárá. Nígbà tí o bá sì ń gun àkàbà, kí Káyọ̀dé di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé mo ti sọ èyí tẹ́lẹ̀.

Yàrá Màmá, yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ètò yẹn pátápátá. Gílóòbù kan, súìṣì kan. Kó má gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí ìyá rẹ ń fi mí ṣẹ̀sín títí dòní. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí a ń gbé yàrá kan ní Agége, mo ra sítóòfù onígáàsì fún un. Àwa nìkan la ní i nínú àgbàlá. Mo ń mú àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó. Mo ń yìn ín pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ láti ìgbà tí gáàsì dé. Ó pẹ́ gan-an kí n tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo bá a lẹ́yìnkùlé tó to abọ́ lé orí sítóòfù onígáàsì ọ̀hún, tó sì ń dáná lórí sítóòfù elépo kẹrosíìnì tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ̀rù gáàsì ń bà á. Kò sì fẹ́ bà mí nínú jẹ́ nítorí ojú mi ń dán tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọbẹ̀ tí mo yìn, sítóòfù elépo ló sè é.

Mi ò bi í léèrè rí kí n tó rà á. Mo kàn rà á. Nítorí náà mi ò lè bá ọ wí, n ò sì bá ọ wí. Ìfẹ́ ni o fi ṣe ilé rẹ, mo rí i. Bí o ṣe ń yọ́ rìn lẹ́nu ọ̀nà Màmá torí àdúrà, ìfẹ́ ni. Èèyàn dáadáa ni ìwọ àti Màmá, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì ò fi sọ̀rọ̀.

Má bi Káyọ̀dé pé, "Kí ló dé tí màmá yín ò sọ fún mi?" Kò mọ̀. Bí o bá bi í bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbèjà ẹnì kan, èyíkéyìí tó bá sì gbèjà, ìwọ lo máa pàdánù. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí o sì sọ pé ò ń lọ sí Ìjẹ̀bú.

Ní ti oníbàárà rẹ ní Ikeja, sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Bó bá sì lọ wá ẹlòmíràn, kó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, kí o tó fa wáyà kankan nílé rẹ̀, bi í pé ta ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé, bóyá ẹnì kan wà tí ojú ń dùn, bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́ wìrìwìrì máa ń dá àìsàn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti béèrè. Wọn kì í fẹ́ sọ irú rẹ̀ fún àlejò.

Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ sí Ìjẹ̀bú. Má rán Káyọ̀dé. Bí o bá fẹ́, èmi á tẹ̀ lé ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ó sàn kí o dá lọ, nítorí èmi á sọ̀rọ̀ jù. Má ra ẹ̀bùn ńlá. Má kúnlẹ̀ pẹ́ títí débi tí wọ́n á fi máa bẹ̀ ọ́ pé kí o dìde. Má sọ pé o ti rí kọ́tìnì. Kí o sọ pé o ti ṣe àṣìṣe kan nínú ilé, pé o ò lè tún un ṣe láìsí wọn. Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ yá. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, o ó fẹ́ gbẹ́ ògiri yàrá wọn fún súìṣì lónìí kí o tó lọ mú wọn, kó lè yà wọ́n lẹ́nu. Má gbẹ́ ẹ. Mú wọn bọ̀ wálé kọ́kọ́. Ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó ṣú, ní kí wọ́n jókòó sórí ibùsùn wọn, kí wọ́n dijú, kí wọ́n sì nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ tan iná. Ìwọ mú pẹ́ńsùlù dání. Níbi tí ọwọ́ wọn bá kan ògiri, ibẹ̀ ni kí o sàmì sí.

Bàbá tó bí ọ, tó ń rò ọ́ ṣáá.